Láti 400 level dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n: bí a ṣe ń rin ọ̀nà ìwádìí nínú kẹ́místrì ọ̀gáníìkì àti catalysis

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò tó ń ka kẹ́místrì ní yunifásítì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó ló kù kí n tó di ọ̀jọ̀gbọ́n?” Mo máa ń bá wọn ṣírò rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò. Ọdún mẹ́rin ni BSc, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá fà á gùn. Ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. PhD á gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, orílẹ̀-èdè tí o bá ti ṣe é ló máa sọ. Postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá míì lẹ́yìn PhD, á gba ọdún méjì sí mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìyẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ọdún bíi mẹ́fà míì á sì kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà ti di tìrẹ títí lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún á ti tó bíi márùndínlógójì tàbí kó lé kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíka ọdún lásán ò kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń rìn. Ohun tó ń yí padà láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì ni ẹni tó ni ìbéèrè tí ò ń wá ìdáhùn sí. Ní 400 level, ọ̀gá rẹ ló ni ìbéèrè, ọwọ́ rẹ lo yá a. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gbà ọ́ síṣẹ́ olùkọ́, ìbéèrè tìrẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Bí ìbéèrè yẹn ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ rẹ, àti ohun tó yẹ kó o ti ní lọ́wọ́ kó tó dé, ni mo fẹ́ fi hàn ọ́ níbí.

Iṣẹ́ tí à ń sọ gan-an

Kẹ́místrì ọ̀gáníìkì ni ẹ̀kọ́ nípa àwọn èròjà tí carbon jẹ́ òpó wọn: oògùn, epo, rọ́bà, aró aṣọ, òórùn lọ́fínńdà. Catalyst, èròjà tó ń mú kí àwọn èròjà míì tètè yí padà, dà bí alárinà nínú ètò ìgbéyàwó. Ó mú ìdílé méjì tí ì bá má pàdé láéláé mọ ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti mọ ojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá, á tún lọ wá ọkọ fún ọmọ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Wo ọṣẹ dúdú kó o lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èròjà lásán. Eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń sè é kún fún potash. Potash yẹn wọ inú ọṣẹ lọ, kò padà jáde. Tó o bá fẹ́ ọṣẹ púpọ̀ sí i, o gbọ́dọ̀ wá eérú míì. Àmọ́ tún eérú kan náà jó nínú ààrò láàbù, dà á sínú epo pẹ̀lú methanol, gbé e sórí iná tó gbóná tó nǹkan bí 60°C. Epo á di biodiesel, potash ò sì sí lára ohun tí epo dà. Àwọn olùwádìí wa nílé ti fi eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Nínú ìkòkò ọṣẹ, wọ́n jẹ eérú run. Nínú ìkòkò biodiesel, alárinà ni. Tó o bá lè ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ kó sì yé e, o ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀.

Jöns Jacob Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló sọ iṣẹ́ yìí ní catalysis ní 1835. Láti ìgbà náà, ẹ̀bùn Nobel ti dé ẹ̀ka yìí léraléra: Knowles, Noyori àti Sharpless ní 2001, Chauvin, Grubbs àti Schrock ní 2005, Heck, Negishi àti Suzuki ní 2010, List àti MacMillan ní 2021. Méjì lára wọn rin ìrìn tó wúlò fún wa, màá padà sọ̀rọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: BSc, kí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́

First class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50 nínú 5.00, second class upper láti 3.50. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè gbé ọ débi tí ò ń lọ. Ohun tí màákì ò lè fún ọ ni ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Nígbà IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, má lọ jókòó sí ọ́fíìsì kan torí pé ó sún mọ́ ilé. Wá ilé iṣẹ́ oògùn, ilé iṣẹ́ ọtí, tàbí ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ HPLC tàbí gas chromatography (àwọn ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn) tó ń ṣiṣẹ́, kódà bó jẹ́ ìgò ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó o máa fọ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju ọdún méjì tó o fi ń wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé.

Fún project, mú ọ̀gá tó ń wọ láàbù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́místrì nílé wa mọ iṣẹ́ èròjà inú ewé àti egbò dunjú, má sì fojú tín-ín-rín rẹ̀ torí pé catalysis lo fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ yẹn á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi silica gel àti hexane ya èròjà mẹ́wàá sọ́tọ̀ kúrò nínú oje kan tó dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé nílẹ̀ Yúróòpù ò ní sùúrù ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé láàbù lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú báírò, má sọ pé o máa rántí. Tí iná bá lọ ní aago mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lórí ààrò, kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná lọ ní aago mẹ́ta.

Kó o tó kúrò ní yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ètò transcript rẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ààyè PhD lókè òkun, ààyè náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí pé transcript ò dé lásìkò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọdún àgùnbánirọ̀ ni ọdún ìwé kíkọ

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rán ọ lọ kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́místrì. Kọ́ wọn tọkàntọkàn. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí ọmọ SS2 lóye ìdí tí electron fi ń kúrò níbì kan lọ sí ibòmíì ti ń múra iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ rẹ ni kó o fi wá ilé ìwé.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní BSc nìkan lè wọ PhD tààrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò mọ èyí, wọ́n á ti ná owó baba ńlá sórí MSc kí wọ́n tó gbọ́. Nínú ẹ̀ka kẹ́místrì wọn, yunifásítì ló sábà máa ń san owó ilé ìwé rẹ, á sì tún san owó oṣù fún ọ, torí pé o máa mójú tó àwọn ọmọ BSc ní láàbù tàbí kó o ṣiṣẹ́ lórí owó ìwádìí ọ̀gá rẹ. December ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń parí, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní August tàbí September ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta, nítorí náà má bá olùkọ́ kankan jà ní 400 level. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kọ̀wé sí ẹ̀ka náà kó o sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ fúnni.

Ní Jámánì, wọ́n sábà máa ń béèrè MSc, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni PhD lọ́dọ̀ wọn: ìwé iṣẹ́ wà, owó oṣù wà, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló sì sábà máa ń gbà. Ìlú Mülheim an der Ruhr ni Max-Planck-Institut für Kohlenforschung, ilé ìwádìí nípa èédú, wà. Níbẹ̀ ni Franz Fischer àti Hans Tropsch ti rí ọ̀nà láti sọ gáàsì tó wá látinú èédú di epo ní àwọn ọdún 1920, ibẹ̀ náà sì ni Karl Ziegler ti ṣe iṣẹ́ tó gba Nobel ní 1963. Ní Rostock, Leibniz-Institut für Katalyse wà tí kò ní iṣẹ́ míì ju catalysis lọ. Tarragona ní Spain ní ICIQ, ilé ìwádìí kẹ́místrì, Cardiff ní Wales ní Cardiff Catalysis Institute. Tó o bá fẹ́ dúró ní Áfíríkà, wo South Africa. Ilé iṣẹ́ Sasol ní Secunda ṣì ń fi ọ̀nà Fischer àti Tropsch sọ èédú di epo, ìyẹn ló fà á tí catalysis fi gbilẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti gba PhD kẹ́místrì níbẹ̀.

Fún owó, wo DAAD fún Jámánì àti Commonwealth Scholarship fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin obìnrin, OWSD, àjọ àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste, ti ń fún àwọn obìnrin láti àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń gòkè àgbà ní owó PhD; ẹ wò ó bóyá orílẹ̀-èdè yín wà nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ímeèlì sí ẹni tí o fẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá rẹ

Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ wa máa ń bá wa dé inú ímeèlì. A ó fi odindi ìpínrọ̀ kí èèyàn, a ó gbàdúrà fún un, ká tó sọ ohun tí a wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í dé ìpínrọ̀ kejì. “Dear Professor” àti orúkọ ìdílé rẹ̀ ti tó fún ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, sọ pépà rẹ̀ tó o kà àti ohun kan pàtó nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọ ní ìbéèrè. Sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ti ṣe rí. Sọ ìgbà tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fi CV ojú ìwé méjì sí i, ó parí.

Mo kọ ọ̀pọ̀ kí ẹnì kan tó dá mi lóhùn. Ohun tó sì mú kí ó dáhùn ni ìbéèrè tí mo bi í nípa àtẹ kejì nínú pépà rẹ̀: kí ló dé tí kò sí èròjà kankan tó ní nitrogen nínú àwọn tí wọ́n dán wò? Èsì rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: a dán an wò, ó pa catalyst wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Kó o tó gbà, wá àwọn ọmọ láàbù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o bi wọ́n léèrè. Ọdún mélòó ni ẹni tó jáde kẹ́yìn lò? Níbo ló wà báyìí? Àwọn mélòó ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí? Ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á dúró tì ọ́ lójoojúmọ́, á sì kọ́ ọ ní nǹkan, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára aago torí iṣẹ́ tirẹ̀ náà ò tíì dúró. Ọ̀gá tó ti lókìkí á fún ọ ní orúkọ, ṣùgbọ́n o lè má rí i fún oṣù kan. Ẹni tó bá ti mọ ìbéèrè ara rẹ̀ ni mo máa ń rán lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kìkí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: PhD

Ẹ̀mí ló ṣáájú. Ní December 2008, ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ kan ní láàbù Yunifásítì California ní Los Angeles (UCLA) ń fi síríńjì fa tert-butyllithium, èròjà tó máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan atẹ́gùn. Síríńjì já, iná mú súwẹ́tà rẹ̀, kò wọ ẹ̀wù láàbù. Ó kú ní January 2009. Wọ ẹ̀wù òwú tí iná ò tètè mú, wọ awò ojú, má sì dá fa irú èròjà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì ọ́. Bí ọ̀gá kan bá ní kó o yára ṣe é lóru nígbà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, sọ pé rárá.

Lẹ́yìn ẹ̀mí, ìṣirò. Ká ní o fẹ́ fi ọ̀nà Suzuki, tó ń fi palladium so carbon mọ́ carbon, so 4-bromoanisole mọ́ phenylboronic acid. O wọn bromide 187 mg, ìyẹn 1 mmol (mmol ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye molecule). O wọn boronic acid 146 mg, ìyẹn 1.2 mmol, àti potassium carbonate 276 mg, ìyẹn 2 mmol. Catalyst rẹ ni Pd(PPh₃)₄, 58 mg, 0.05 mmol, èyí tí a ń pè ní 5 mol%. Bí gbogbo bromide bá so, ohun tó yẹ kó jáde ni 184 mg. Lẹ́yìn tó o fọ̀ ọ́ tán tó o sì gbẹ ẹ́, 166 mg lo rí, ìyẹn 90%. Pín 0.90 sí ọ̀nà 0.05, wàá rí 18: alárinà kọ̀ọ̀kan ṣe ìgbéyàwó méjìdínlógún. Bí o bá rí catalyst tó lè mú 90% kan náà jáde pẹ̀lú 0.1 mol%, ìgbéyàwó 900 ni alárinà kọ̀ọ̀kan ṣe. Palladium wọ́n gan-an, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ 18 sí 900 fi lè jẹ́ odindi PhD.

Ohun tó máa sọ ọ́ di olùwádìí ṣì wà níwájú, ìtìjú ni mo sì fi kọ́ tèmi. Ọdún kejì PhD mi, mo ń wá bí màá ṣe fi nickel rọ́pò palladium nínú irú ìsopọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Tuesday kan, ó ṣiṣẹ́: 84%. Mo tún un ṣe, 81%. Mo pe màmá mi nílé, mo ní iṣẹ́ ti yọrí. Ọ̀gá mi wo ìwé láàbù mi, ó ní, “Ṣe é láìfi nickel sí i rárá.” Ó dùn mí, àmọ́ mo ṣe é. 79%.

Mo jókòó. Nickel mi ò ṣe nǹkan kan. Mo pààrọ̀ base, mo pààrọ̀ omi tí mo fi ń yọ́ ọ, mo pààrọ̀ ìgò, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Ó wá ku mágnẹ́ẹ̀tì funfun kékeré tó ń yí nísàlẹ̀ ìgò. Mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì. Teflon tó bò ó ti kún fún ìlà dúdú wẹ́wẹ́, bí ojú àwo tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha. Mo bá a nínú dúrọ́ọ̀ ni. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti fi palladium ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, palladium sì ti há sínú àwọn ìlà yẹn. Mo ṣí tuntun látinú ọ̀rá, mo tún un ṣe pẹ̀lú nickel. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Èmi ò tíì mọ ọwọ́ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù mí lọ. Ní 2003, Nicholas Leadbeater àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ṣe ìsopọ̀ Suzuki láìlo irú mẹ́tàlì bẹ́ẹ̀ kankan. Ní 2005, ẹgbẹ́ Leadbeater fúnra wọn padà wá sọ fáyé pé palladium wà nínú sodium carbonate tí wọ́n rà lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìpín 50 nínú bílíọ̀nù kan. Ní 2009, Stephen Buchwald àti Carsten Bolm kìlọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa iron: copper tín-ín-ní tó wà nínú FeCl₃ (èròjà iron kan) tí wọ́n rà ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ti iron. Mo bọ̀wọ̀ gidigidi fún ẹni tó padà wá já irọ́ tí èròjà pa fún un.

Nítorí náà, kó o tó pe ẹnikẹ́ni nílé: ṣe é láìfi catalyst sí i. Ṣe é nínú ìgò tuntun pẹ̀lú mágnẹ́ẹ̀tì tuntun. Ra èròjà náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ẹlòmíì ní ìwé láàbù rẹ kó ṣe é láìbi ọ́ léèrè ohunkóhun. Organic Syntheses, tó ti wà láti 1921, kì í tẹ iṣẹ́ kankan jáde àyàfi bí wọ́n bá tún un ṣe ní láàbù ọ̀kan lára àwọn olóòtú wọn. Fi ìlànà yẹn ṣe tìrẹ.

Ohun kan tó máa ń ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá ni ìpàdé láàbù. Ọ̀gá á dúró, á sọ ohun tó rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò, á sì retí kí o ta kò ó. Àwa tí wọ́n kọ́ pé kí ọmọdé má gbó àgbà lẹ́nu á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á wá rò pé a ò lóye. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí pé ó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá dín ligand kù?” (Ligand ni èròjà tó máa ń so mọ́ mẹ́tàlì inú catalyst.) O ò rí ẹnikẹ́ni fín, o sì ti sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́místrì Amẹ́ríkà, wọ́n á ní kó o kọ àbá ìwádìí kan tí kò bá iṣẹ́ ọ̀gá rẹ tan, kó o sì dúró gbè é níwájú àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é bí ìdánwò tí wọ́n fẹ́ kó kọjá. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti kọ́kọ́ ń di tìrẹ. Fi àbá náà pamọ́, lo ìwé kan láti máa kọ irú rẹ̀ sí, ọ̀kan lóṣù.

Nípa títẹ pépà jáde: yẹra fún àwọn tó ń kọ̀wé sí ọ pé kó o wá san dọ́là kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ méjì. Chemical Science, ti Royal Society of Chemistry, kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni kì í gbà á lọ́wọ́ òǹkàwé, ó sì wà lára àwọn tó dára jù lọ. ChemRxiv náà wà láti 2017 tó o bá fẹ́ kí ayé tètè rí i pé ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: postdoc

Má lọ ṣe ohun tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrìn Benjamin List ni mo máa ń fi ṣàlàyé èyí. Wọ́n bí i ní Frankfurt ní 1968, ó sì gba PhD níbẹ̀ ní 1997 lórí iṣẹ́ kan tó jẹ mọ́ vitamin B12. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí ilé ìwádìí Scripps ní California, sínú iṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá: àwọn antibody (èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn) tí wọ́n ń lò bíi catalyst. Ńlá ni antibody, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gan-an ò ju nitrogen amino acid kan lọ, ọ̀kan lára àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di antibody. List bi ara rẹ̀ pé, ṣé ìyókù yẹn pọn dandan? Ṣé amino acid kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe? Ó mú proline, amino acid tí kò wọ́n rárá. Àwọn kan ti lò ó nínú àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ náà sì dúró síbẹ̀. Proline ṣe é. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000, ó dé Mülheim ní 2003, Nobel dé ní 2021. Wò ó bí ìbéèrè náà ṣe jáde: ẹni tó mọ kẹ́místrì ọ̀gáníìkì nìkan ì bá má bi í, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ antibody nìkan. Ibi tí méjèèjì ti pàdé nínú orí ẹnì kan ló ti wá.

Humboldt Fellowship ti Jámánì wà fún ẹni tí PhD rẹ̀ ò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ, o sì lè kọ̀wé sí wọn nígbàkígbà láàárín ọdún. Marie Skłodowska-Curie wà fún gbogbo Yúróòpù, September ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ sábà máa ń parí. Ohun tó máa ń yọ àwọn èèyàn wa dànù nínú rẹ̀ ni pé o ò gbọ́dọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó o fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí. Ka ìlà yẹn kó o tó kọ ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́ tó jẹ́ tìrẹ

Amẹ́ríkà máa ń polówó ipò láti August sí October. Wọ́n á fẹ́ àbá ìwádìí méjì tàbí mẹ́ta, ìwé nípa bó o ṣe ń kọ́ni, àti lẹ́tà. Bí wọ́n bá pè ọ́, wàá lò tó ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kìíní wàá sọ ohun tó o ti ṣe. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á fún ọ ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ní kó o sọ ohun tó o máa ṣe, wọ́n á sì máa já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó gbé ìbéèrè ọ̀gá rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ tuntun. Bí o bá wọlé, wọ́n á fún ọ ní owó ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì yẹ iṣẹ́ rẹ wò ní nǹkan bí ọdún kẹfà láti sọ bóyá o máa dúró. NSF CAREER, owó ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tí ó kéré tán jẹ́ $400,000 fún ọdún márùn-ún, ni ọ̀pọ̀ ń lé láàárín ìgbà yẹn.

Jámánì ní ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Habilitation, ó ní Juniorprofessur tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì ní Emmy Noether, owó tó lè gbé ẹgbẹ́ ìwádìí rẹ fún ọdún mẹ́fà. Fi sọ́kàn pé wọn kì í sábà gba ẹni sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìrìn ò tíì tán.

Nílé, àtẹ̀gùn náà ni Graduate Assistant, Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó ní PhD sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Lecturer II. Ìgòkè mẹ́rin ló kù, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, nítorí náà ṣírò ọdún méjìlá ó kéré tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ̀yìn tì ní ẹni àádọ́rin ọdún. TETFund ni owó ìwádìí tó sún mọ́ wa jù.

Tó o bá fẹ́ padà wálé

Èmi padà, mo sì máa ń gbani níyànjú pé kí èèyàn rò ó dáadáa kó tó ṣe é. Akira Suzuki ni mo rántí nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Herbert Brown ní Purdue láti 1963 dé 1965, ó kọ́ kẹ́místrì boron, ó padà sí Yunifásítì Hokkaido nílé. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní 1979, òun àti Norio Miyaura tẹ ìsopọ̀ tí gbogbo ayé ń lò báyìí jáde. Nílé ló ti ṣe é.

Mú ìbéèrè tí iná àti ẹ̀rọ tó wà lè gbé. Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ò gbọ́dọ̀ kàn rárá á pa ọ́ lẹ́kún níbi tí iná ti ń lọ nígbà mẹ́rin lóòjọ́. Catalyst tó jẹ́ eérú tàbí amọ̀ ò bìkítà bí iná bá lọ. Kó o tó kúrò lókè òkun, kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó máa bá ọ fi NMR (ẹ̀rọ tó ń fi bí èròjà ṣe rí nínú hàn) yẹ èròjà rẹ wò sílẹ̀, kí wọ́n sì ti gbà lẹ́nu. Bó o bá gba Humboldt, béèrè nípa owó ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ti padà sí irú orílẹ̀-èdè wa. Àjọ Seeding Labs ní Amẹ́ríkà náà ti kó ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí yunifásítì ní Nàìjíríà rí. Ra sólà kékeré fún fíríìjì èròjà rẹ kó o tó ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Nígbà tí ọmọ tuntun bá wọ láàbù mi, mo máa ń ṣí ọ̀rá níwájú rẹ̀, màá fún un ní mágnẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò lò rí, àti ike kékeré kan tó máa fi máàkà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.